Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ọ́ìlì Gíà Camry Mi Nílé

"Má fọwọ́ kan ọ́ìlì gíà tó ti pẹ́ o, kó má baà yọnu." Kò sí ọgbà mẹkáníìkì tí mo dé n'Íbàdàn tí wọn ò ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo rò ó títí, mi ò fara mọ́ ọn. Camry ọdún 2004 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Big Daddy, onísìlíńdà mẹ́rin, onígíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀ kẹ́yìn. Gíà náà ń wọlé wẹ́rẹ́, kì í já, kì í yọ̀. Torí pé ara rẹ̀ ṣì le gan-an ni mo ṣe fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Gíà tó bá ti ń yọ̀, àwo kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ló ti jẹ, kò sì sí ọ́ìlì tó máa dá ohun tó ti jẹ padà. Irú gíà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé dé ọgbà mẹkáníìkì, tí wọ́n á da ọ́ìlì tuntun sí i, tó bá wá kú lọ́sẹ̀ kejì, ọ́ìlì ni wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó gbé sípánà ni iṣẹ́ tí ọ́ìlì yìí ń ṣe. Kì í kàn ṣe pé ó ń jẹ́ kí irin máa yọ̀ lára irin. Nínú kọnfátà, ìyẹn ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé inú gíà. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í ló ń fún àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ tí gíà fi ń wọlé. Òun náà ló ń ru ooru lọ sínú páìpù ìsàlẹ̀ ráédíétọ̀ láti lọ tutù. Tó bá kéré, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Tó bá pọ̀ jù, àwọn irin tó ń yí á máa lù ú títí á fi hó bí ọṣẹ, ìfófòó ò sì lè ti nǹkan kan. Kíkéré àti àpọ̀jù, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé gíà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni iṣẹ́ yìí. Nọ́ọ̀tì títú kì í ṣe wàhálà.

Mo ṣí ìwé ọkọ̀ náà, mo rí i pé ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní T-IV ni Toyota ní ká lò fún gíà yìí. Ọ́ìlì WS, tó wà fún àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀, fẹ́lẹ́ jù ú lọ, mi ò sì ní tìtorí pé òun ló wà nílẹ̀ kí n rọ ọ́ sí i. Agodi Gate ni mo ti ra ọ́ìlì, pẹ̀lú fílítà gíà, gásíkẹ́ẹ̀tì páànù (abọ́ tó gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ gíà) àti wáṣà nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ayédèrú ọ́ìlì pọ̀ lójà, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti ń ra nǹkan tipẹ́ ni mo lọ, mo sì yẹ ìdérí ike kọ̀ọ̀kan wò bóyá wọ́n ti já a rí. Lítà mẹ́rin ni mo ní lọ́kàn, mo fi lítà kan lé e.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo wa ọkọ̀ yẹn títí gíà fi gbóná, mo sì yọ géèjì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì wà láàárín àmì HOT méjèèjì, èyí tó wà fún ọ́ìlì tó ti gbóná. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé tí ti tẹ́lẹ̀ bá pé, iye tó bá jáde náà ni mo máa dá padà.

Orí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ni mo ti ṣe é. Mo fa háńdì, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo fi jáàkì gbé iwájú, mo wá ki stándì onírin sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Mo jẹ́ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó sún mọ́ ọn, torí ọ́ìlì gíà gbígbóná lè bó èèyàn lára.

Lábẹ́ Camry yìí, nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, sípánà 14 ló ń tú u. Ti gíà wà lápá òsì, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, orí rẹ̀ sì jẹ́ ihò onígun mẹ́fà tó ń gba álẹ̀ǹkì 10. Ẹ wò ó dáadáa, torí àwọn kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jù, tí wọ́n sì tún rọ T-IV kún gíà tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Mo gbé abọ́ ńlá sábẹ́ rẹ̀, mo tú u. Ọ́ìlì náà dúdú, pupa ara rẹ̀ ti lọ pátá, àmọ́ kò rùn bí ohun tó jóná. Ká ní ó funfun bí ògì ni, á jẹ́ pé omi ráédíétọ̀ ti wọnú rẹ̀, ọ̀ràn mìíràn pátápátá nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo tú páànù. Nọ́ọ̀tì kéékèèké tó ń gba sípánà 10 ló yí i ká, ọ́ìlì sì ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí náà igun kan ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀. Ara mágnẹ́ẹ̀tì inú páànù ni èèyàn ti lè mọ ìlera gíà. Ẹrẹ̀ eérú tó kúnná ni mo bá níbẹ̀, kò sí èérún irin kankan. Ọkàn mi balẹ̀. Mo nù wọ́n mọ́, mo pààrọ̀ fílítà, mo to gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i ní gbígbẹ. Mi ò fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Gọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fi sí páànù lè já sínú ọ́ìlì kó lọ dí fílítà tuntun. Mo ń di nọ́ọ̀tì láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, torí ara gíà tí wọ́n wọ̀ sí kì í ṣe irin líle, ojú ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ tètè ń jẹ.

Mo wá fi ọ́ìlì tó jáde sílẹ̀ kó tutù, torí ọ́ìlì gbígbóná máa ń wú, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì ní bá ti tuntun dọ́gba. Mo rọ ọ́ sínú ike omi tí mo ti fi àmì sí: ó lé díẹ̀ ní lítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Iye yẹn ò tó ìdajì ohun tó wà nínú gíà. Ìyókù wà nínú kọnfátà àti páìpù, kì í tibi nọ́ọ̀tì ìdí jáde.

Inú páìpù géèjì ni wọ́n ń gbà rọ tuntun. Àrọ ẹlẹ́nu tínínrín ni mo lò, mo rọ lítà mẹ́ta, mo sì dá ìyókù dúró. Lẹ́yìn tí mo ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi jókòó sídìí sítíárìn, ó tẹ bíréèkì, ó ń gbé gíà láti P dé L, ó ń dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, ó tún dá a padà sí P. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí géèjì, ó ké sí mi látinú ọkọ̀.

"Bùọ̀dá mi, ṣé kí n pa á?"

"Má pa á o!"

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì la máa ń wọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá kú. Ti gíà Camry yìí, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, torí tó bá ti kú, ọ́ìlì inú kọnfátà á máa ṣàn padà sí páànù, géèjì á sì parọ́. Mo rọ ìyókù díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ráàgì mímọ́ nu géèjì kí n tó tún tì í bọ ihò rẹ̀, títí ó fi dé àmì COLD. Mo wa ọkọ̀ náà jáde kó gbóná dáadáa, mo padà wá wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: ó wà láàárín HOT méjèèjì. Mo wo abẹ́ páànù, kò jò.

Ọ́ìlì àlòkù yẹn, mo gbé e fún káfíńtà àdúgbò wa tó ń fi í kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Tí a bá dà á sí gọ́tà, inú kànga àwa náà ló ń lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo tún un ṣe, nọ́ọ̀tì ìdí nìkan ni mo tú lọ́tẹ̀ yìí, mi ò kan páànù. Lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ jáde, mo dá iye kan náà padà. Èyí tó jáde ti ń pupa.