Port ti ṣí, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àyẹ̀wò service lórí sáfà

Automation, ìyẹn irinṣẹ́ bíi Ansible tó ń bá wa to sáfà, máa ń yára ju service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, bíi database) tó ń gbé dìde lọ. Ó ti pàṣẹ kí database dìde, ó ti bọ́ sórí ìgbésẹ̀ tó kàn, database ṣì ń ka fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ki àyẹ̀wò bọ àárín ìgbésẹ̀ méjèèjì. Àyẹ̀wò ọ̀hún gan-an ni ọ̀pọ̀ playbook (fáìlì ìgbésẹ̀ tí Ansible ń tẹ̀ lé) ti ń kọsẹ̀. Lórí sáfà ìdánwò, ẹ ò ní rí i. Ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo lórí sáfà gidi ló ń yọjú.

Ẹ má fi sleep dúró de service

Ẹni tó kọ `sleep 30`, pé kí ètò kàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ń ta ọfà sínú òkùnkùn ni. Bí service bá dìde ní ìṣẹ́jú àáyá 4, 26 ti ṣòfò. Bí sáfà bá jẹ́ 50 tí ẹ ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òfò náà lé ní ìṣẹ́jú 21. Bí dísìkì bá wá lọ́ra lọ́jọ́ kan tí service lo 31, playbook á kú. Wọ́n á sì sọ 30 di 60, àṣìṣe náà á tún gbilẹ̀ sí i. Ẹ máa béèrè léraléra, kí àlàfo ìbéèrè kúrú, kí gbèdéke sì wà.

Ping ò mọ port, systemctl náà ò mọ gbogbo rẹ̀

ICMP, ìlànà ìfiránṣẹ́ tí kì í lo port, ni ping ń lò. Bó bá dáhùn, ohun tó sọ ò ju pé kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́) òdìkejì wà láàyè. Kò mọ nǹkan kan nípa port 5432, ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí database PostgreSQL sábà máa ń gbọ́ lórí rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ó lè jẹ́ firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé) ló dí ICMP, kí service sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

`systemctl is-active`, tó ń bi systemd (alábòójútó àwọn service lórí Linux) bóyá service ń ṣiṣẹ́, sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ wo Type tó wà nínú unit náà, ìyẹn fáìlì tó ṣàpèjúwe service fún systemd. Bó bá jẹ́ `Type=simple`, kété tí systemd bá ti dá process sílẹ̀ ló ti ń pè é ní active, kódà bí process náà ò tíì ka config (fáìlì ìtò) rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn náà, ó lè kú nítorí àmì kan tí ẹnì kan tẹ̀ ṣì nínú config, àyẹ̀wò yín sì ti kọjá. `Type=notify` yàtọ̀: service fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún systemd pé òun ti ṣetán.

Ilẹ̀kùn ṣí, onílé lè má sí nílé

Àṣìṣe yìí ló gbilẹ̀ jù, nítorí pé `nc -z` àti `wait_for` ti Ansible, tó ń wò bóyá port ṣí, máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti parí. Kernel ló ń bá oníbàárà bọwọ́ ní TCP (ìlànà tí a fi ń so ètò méjì pọ̀), kì í ṣe service. Bí service bá ti pe `listen()` (pé òun ń gbọ́) péré, kernel á gba àjọṣe náà wọlé, á tò ó sórí ìlà, yálà service ti pe `accept()` (láti gba àlejò náà) tàbí kò tíì pè é. Nítorí náà, service tó há síbi tó ti ń kó data sínú memory ṣì lè ní port tó ṣí gbayawu.

Bí load balancer (ètò tó ń pín ìbéèrè fún àwọn sáfà) bá wà níwájú, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Port 443 kì í tì, torí load balancer ló ń gbọ́ níbẹ̀. Bí service ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá dáhùn, 502 tàbí 503 (nọ́ńbà àṣìṣe HTTP) ló ń fún oníbàárà.

Ohun tí ìgbésẹ̀ tó kàn fẹ́ lò ni kí ẹ béèrè. Fún PostgreSQL, `pg_isready` wà: exit code (nọ́ńbà tí àṣẹ fi ń jáde) 0 ni pé ó ń gbàlejò, 1 ni pé ó ń lé àlejò, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, 2 ni pé kò sí èsì rárá. Fún SSH (ọ̀nà ìwọlé sáfà láti òkèèrè), ẹ fi `search_regex: OpenSSH` sínú `wait_for` kó lè ka ìkíni tí SSH ń kọ́kọ́ sọ. Fún HTTP, ẹ ka status, nọ́ńbà èsì tí sáfà ń dá padà. Ẹ kíyè sí curl, àṣẹ tó ń fi ìbéèrè HTTP ránṣẹ́, níbí o: bí sáfà bá dá 500 (àṣìṣe) padà, exit code curl ṣì jẹ́ 0. Àfi tí ẹ bá fi `--fail` sí i kó tó di 22. Àìmọye script ló ń kọjá lọ́nà yìí. Àpẹẹrẹ nínú Ansible nìyí, tó ń tún béèrè ní ìgbà 24 pẹ̀lú àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 5:

```
- name: Dúró kí app dáhùn
  ansible.builtin.uri:
    url: http://10.0.0.12:8080/health
    timeout: 5
  register: esi
  until: esi.status == 200
  retries: 24
  delay: 5
  delegate_to: localhost
  become: false
```

Bí port bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí á dúró bí ìṣẹ́jú 2 kó tó jáwọ́. Bí packet (ègé data) bá ń sọnù lọ́nà, á tó bí ìṣẹ́jú 4. Bí ẹ bá yọ `timeout: 5` kúrò, uri á padà sí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó jẹ́ tirẹ̀, ìdúró náà á sì di bí ìṣẹ́jú 14. `become: false` ò sí níbẹ̀ fún ẹwà: bí playbook bá ń lo become (gbígba agbára alákòóso), `delegate_to: localhost` á fẹ́ gba sudo lórí kọ̀ǹpútà tiyín.

Ibo lẹ ti ń béèrè?

`wait_for` ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà tí ẹ ń tò. Bí ẹ ò bá kọ host, 127.0.0.1, ìyẹn sáfà náà fúnra rẹ̀, ló ń yẹ̀ wò. Ó dáhùn pé gbogbo rẹ̀ wà dáadáa. Sáfà mìíràn ò sì lè débẹ̀, nítorí pé service ń gbọ́ lórí 127.0.0.1 nìkan, tàbí nítorí pé firewall ò ṣí. `ss -ltn`, tó ń to àwọn port tó ń gbọ́ jáde, á fi hàn yín: `127.0.0.1:5432` àti `0.0.0.0:5432` kì í ṣe ohun kan náà, torí pé èkejì ń gbọ́ lórí gbogbo àdírẹ́sì IPv4.

Ẹni tó máa lo service ni kó béèrè. Bó bá jẹ́ sáfà app ló fẹ́ bá database sọ̀rọ̀, ẹ fi `delegate_to` gbé àyẹ̀wò lọ sórí sáfà app. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ń ṣe playbook lè gba ọ̀nà mìíràn kọjá nínú firewall. Orúkọ `localhost` náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ó lè kọ́kọ́ di ::1 (àdírẹ́sì IPv6), kí service sì wà lórí IPv4 nìkan.

Ìkọ̀sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́

Bí èsì bá jẹ́ connection refused, ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó dáhùn pé rárá. Bó bá jẹ́ timeout, packet ń sọnù lọ́nà, firewall ló sì sábà máa ń fà á. Nínú curl, 7 ni pé kò rí àyè wọlé, 28 ni timeout, 6 ni pé kò mọ orúkọ sáfà náà. Ó bọ́gbọ́n mu kí a dúró lórí 7 nígbà tí service ń dìde. Lórí 6, ìdúró kì í sábà ṣàǹfààní. DNS, tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, ni kí ẹ lọ wò.

Linux máa ń tún SYN (packet àkọ́kọ́ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àjọṣe TCP) rán léraléra kó tó jáwọ́, èyí tó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Bí `nc` tí kò ní `-w` (gbèdéke ìdúró) bá wà nínú loop tó yí ní ìgbà 30, ó lé ní wákàtí kan. `nc -z -w 3` ni kí ẹ máa kọ.

Lẹ́yìn reboot

Ẹ pàṣẹ reboot, ẹ yẹ port 22 wò, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. sshd (service SSH) àtijọ́ ló dáhùn. Kò tíì kú. Ẹ lo module `reboot` ti Ansible. Bó bá di dandan kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ ka `/proc/sys/kernel/random/boot_id` ṣáájú, ẹ tún un kà lẹ́yìn, ẹ má sì tẹ̀síwájú títí á fi yí padà.

UDP

UDP ò ní ìbọwọ́ bíi ti TCP, nítorí náà `nc -zu` lè ní ó yọrí sí rere nítorí pé kò gbọ́ ohunkóhun. Ìbéèrè gidi ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Fún DNS, `dig +time=2 +tries=1`, kí ẹ sì ka èsì rẹ̀, torí pé SERVFAIL (èsì pé sáfà DNS kùnà) náà ń jáde pẹ̀lú 0.

Ẹ má pa ẹnu àyẹ̀wò mọ́

`ignore_errors: true`, `|| true`, àti `| tee` nínú shell tí kò ní `pipefail`, gbogbo wọn ń bo ìkùnà mọ́lẹ̀: ẹ̀yọ kan nínú wọn tó láti sọ gbogbo àyẹ̀wò òkè yìí di asán. Bí àyẹ̀wò bá kùnà, kí playbook dúró. Kó tó dúró, ẹ jẹ́ kí `rescue` (àwọn task tí Ansible ń ṣe bí ìkùnà bá wà) kó àkọsílẹ̀ `journalctl -u` orúkọ service náà pẹ̀lú `-n 50` àti èsì `ss -ltnp` jáde, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lóru má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `fail` parí `rescue` yẹn. Bí gbogbo task inú rẹ̀ bá yọrí sí rere láìsí `fail`, Ansible á ka ìkùnà náà sí èyí tí a ti yanjú, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.