Ẹni tó bá ní “ẹ jẹ́ ká padà” la máa gbọ́: bí ẹ ṣe lè wakọ̀ ní gúúsù Iceland nígbà òtútù

Àwa márùn-ún la jọ lọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a gbéra ní Reykjavík, olú-ìlú Iceland, nígbà tí a jẹun tán, mo ní kí gbogbo wa ṣe àdéhùn kan: bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa bá ti ní “ẹ jẹ́ ká padà”, a ó padà. A ò ní dìbò, a ò sì ní bi í pé kí ló dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀, kódà kí ẹ tó wá ọkọ̀. Ojú ọ̀nà nìkan ni ẹni tó ń wakọ̀ ń wò. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló máa rí i pé òkè tó wà lọ́wọ́ òsì níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ti pòórá. Àmọ́ ojú á máa tì í láti sọ̀rọ̀, torí pé a ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú. Owó tí a ti san yẹn ló ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn wọ inú ìjì.

Ọ̀nà ńlá tó yí Iceland po, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà 1, lé ní 1,300 kìlómítà. Ẹ má gbìyànjú àtiyí i po láàárín ọ̀sẹ̀ kan nígbà òtútù. Ìhà gúúsù nìkan ni àwa rìn: láti Reykjavík dé Jökulsárlón, adágún tí òkìtì omi dídì ń léfòó nínú rẹ̀, nǹkan bí 380 kìlómítà, ọ̀nà tí a bá lọ náà la bá padà. Ọjọ́ méje la yà sọ́tọ̀, a sì fi méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìdá ohunkóhun sí i. Ìparí oṣù Kejìlá ni. Nígbà yẹn, oòrùn kì í yọ ní Reykjavík títí di nǹkan bí aago 11:20 àárọ̀, tó bá sì di 3:30 ọ̀sán, ó ti wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀, díẹ̀ sì máa ń kù lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí ẹ ní. Máàpù inú fóònù kò ka omi dídì sí, kò sì ka fọ́tò tí ẹ máa dúró yà sí. Àwa ò jẹ́ kí ìrìn ọjọ́ kan kọjá 200 kìlómítà.

Ní ti ọkọ̀, ẹ yá èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìyẹn á bá yín gbéra ni, kò ní bá yín dúró. Táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé àwọn ìṣó kéékèèké wà lára rẹ̀? Òfin gbà wọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, àwọn ló sì ń ha omi dídì mú. Iná iwájú gbọ́dọ̀ máa tàn tọ̀sán tòru. Òpin eré lórí ọ̀dà lẹ́yìn ìlú jẹ́ 90 kìlómítà ní wákàtí kan, 50 láàárín ìlú. Èmi kì í sá ju 60 lọ tí ọ̀nà bá ti ń dán. Tí ọkọ̀ bá ń yọ̀, ẹ má tẹ bíréèkì pì. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ibi tí ẹ fi ń tẹná, kí ẹ sì máa darí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì tí wọ́n kọ “Einbreið brú” sí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni afárá náà gbà: ẹni tó bá kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ni kó kọjá.

Òtútù ni gbogbo èèyàn ń bi mí léèrè. Etí òkun gúúsù yìí kì í tutù tó bí ẹ ṣe rò. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6, ẹ ó mọ bó ṣe jẹ́ ní kìlómítà ní wákàtí kan. Tó bá ti di 15, ẹ ronú dáadáa. Tó bá di 20, ẹ jókòó sílé. Níbi ìgbọ́kọ̀sí ní Skógafoss, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ọ̀rẹ́ wa kan fi ọwọ́ kan ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, irin tó di ilẹ̀kùn náà mú sì tẹ̀. Ó ń pa dé, àmọ́ ó ń han. Adójútòfò tí a san kò bo ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ bá bà jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í bò ó. A dá owó náà láàárín ara wa, síbẹ̀ inú rẹ̀ bàjẹ́ di alẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fi mọ agbára rẹ̀, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ méjèèjì lára ilẹ̀kùn.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, ẹnì kan máa ń ka umferdin.is sókè fún ipò ọ̀nà, vedur.is fún ojú ọjọ́, àti safetravel.is fún ìkìlọ̀. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sórí: hálka (ọ̀nà ń yọ̀), flughálka (ó ń yọ̀ gan-an), ófært (kò ṣeé gbà), lokað (wọ́n ti tì í).

Ní ọjọ́ kẹta, hálka ni wọ́n kọ sí ọ̀nà tó kúrò ní Vík, ìlú kékeré kan létí òkun, lọ sí ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ sì wà ní 16. Mo ní a lè rìn ín. Kété tí a bọ́ sí Mýrdalssandur, pápá iyanrìn dúdú tí kò ní igi kan tó lè gba afẹ́fẹ́ dúró, òjò yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ dábùú ọ̀nà bí èéfín. Àwọn òpó kéékèèké etí ọ̀nà, mo ń rí mẹ́ta níwájú, ó di méjì, ó di ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó jókòó sẹ́yìn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní, “Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká padà.” Inú bí mi díẹ̀, n ò ní purọ́. Mo wá ibi tó fẹ̀, mo yí ọkọ̀. A ò tíì mu tíì tán ní Vík tí wọ́n fi kọ lokað sí ọ̀nà náà.

Ọjọ́ méjì tí a fi sílẹ̀ ló gbà wá. A jẹ kjötsúpa, ọbẹ̀ ẹran àgùntàn wọn, a sì lọ síbi ìwẹ̀ olómi gbígbóná tó wà nínú ìlú. Níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ra sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọ omi. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gba ìgbádùn yẹn lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni. Ibi kan tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra nítòsí Vík ni etí òkun Reynisfjara: ìgbì rẹ̀ a máa sáré gun òkè lójijì, ó sì ti gbé èèyàn lọ rí. Ẹ jìnnà sómi, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, a gba àárín Eldhraun kọjá, àpáta tí iná Laki tú jáde láti inú ilẹ̀ ní 1783, tí ewéko rírọ̀ ti bò bíi tìmùtìmù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, kì í tètè hù padà. A dé Jökulsárlón bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Àwọn òkìtì omi dídì tó já kúrò lára Vatnajökull, òkè omi dídì ńlá, ń léfòó, òmíràn funfun, òmíràn búlúù. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.

Àwọn kékeré tó kù: ẹ má jẹ́ kí epo inú ọkọ̀ dín sí ìdajì táńkì, ẹ mú káàdì tó ní nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé epo kò ní òṣìṣẹ́, ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ sínú ọkọ̀, ìbọ̀wọ́ méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má dúró sójú títì ya fọ́tò.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ bàálù, Reykjavík tàbí Keflavík, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà, ni kí ẹ sùn sí, torí wọ́n lè ti ọ̀nà orí òkè Hellisheiði, tí ẹ máa gbà padà láti gúúsù, nígbàkigbà. Àwa gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹ̀gbọ́n wa ló jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi.