Bí A Ṣe Ń Yan Kọ̀ǹpútà Kẹ̀kẹ́ Tó Bá Owó Ọwọ́ Wa Mu

Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ láti máa fi wo ìrìn wa. Bó bá jẹ́ pé eré àti iye ọ̀nà tí o rìn nìkan lo fẹ́ máa wò, èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì ti tó. Má fi owó ṣòfò. Èyí tó ní wáyà ló máa ń rọjú jù, àmọ́ ẹ̀ka igi lè já wáyà náà bí o bá ń gba ọ̀nà igbó.

De mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ sípóòkù iwájú, kí o so sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń ka ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá kọjá, mọ́ fọ́ọ̀kì, irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú. Kí àlàfo wọn má ju mìlímítà 5 lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òǹkà á máa fò tàbí kó dúró sórí òdo.

Àyíká táyà, tí o máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó lè fi ṣírò ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, jókòó sórí kẹ̀kẹ́, jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì fi téèpù wọn ilẹ̀ tó gbà. Táyà tí wọ́n kọ 700×25 sí lára máa ń tó mìlímítà 2105, ti 700×28 sì tó 2136. Bí o bá tẹ 2136 fún táyà 700×25, kìlómítà 100 á di bíi 101 àti ààbọ̀.

Ṣé máápù tàbí ìlù ọkàn lo fẹ́? Èyí tó ń lo GPS, ìyẹn tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tó o wà, ni kó o rà, èyí tó gba Bluetooth àti ANT+ pọ̀, ọ̀nà méjì tó fi ń bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀ láìlo wáyà. Máápù àti iná ojú rẹ̀ ń jẹ bátìrì gan-an, nítorí náà bí ìrìn rẹ bá gba wákàtí 5, wá èyí tí wọ́n kọ 10 sí lára. Bọ́tìnì sàn ju ojú títẹ̀ lọ nínú òjò.