Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń fa kábù gun pílónì: ẹ má ṣe báyìí o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta wifi ládùúgbò, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè kẹ́ ẹ wá gun pílónì, ìyẹn òpó irin gíga, l'Ájàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tí kònẹ́ksọ̀n bá ń já, rádíò, ìyẹn ẹ̀rọ orí pílónì tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì tó sì ń fi í ránṣẹ́, ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, wọ́n á ra tuntun, wọ́n á gbé e gòkè, owó á lọ, kò ní pẹ́ ó tún ti ń já. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kábù ló wà nídìí ẹ̀. Kábù inú ilé ni wọ́n lọ fà síta, sójú oòrùn, sójú òjò, sójú àrá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kábù tí kì í ṣe bàbà gidi. Wọ́n kọ Cat6, orúkọ irú kábù dátà kan tó dáa, sí i lára gàdàgbà, owó ẹ̀ ò sì wọ́n, àmọ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gé díẹ̀ lára ẹ̀, ẹ mú wáyà kan ṣoṣo, ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Tí abẹ́ pupa yẹn bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ìdí ni pé inú kábù kan náà ni iná rádíò ń gbà lọ sókè, ìyẹn PoE, tí kábù ò bá sì dáa, á jẹ iná náà lójú ọ̀nà. Rádíò tó ń jẹ 12 watt, tẹ́ ẹ fi 24 volt ránṣẹ́ sí, bàbà gidi tó gùn tó 90 mítà á ti jẹ nǹkan bíi 4 sí 5 volt kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Alumíníọ̀mù yẹn lè jẹ ìlọ́po méjì ẹ̀, torí bí volt ṣe ń relẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni rádíò ń fa iná sí i. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, tó bá wá dalẹ́ tí gbogbo ilé ń wo fídíò, rádíò á kú, á tún tan, á tún kú. Tí rádíò yín bá gba 48 volt, ẹ lo 48, lórí bàbà yẹn kan náà nǹkan bíi 2 volt ló máa sọ nù.

Gígùn ńkọ́? Kábù dátà onírin ò gbọdọ̀ kọjá 100 mítà, láti ìdí switch, ìyẹn àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí dé ìdí rádíò. Àwọn èèyàn á ka gíga pílónì nìkan, wọ́n á gbàgbé ibi tó gbà kọjá lọ sínú yàrá, wọ́n á gbàgbé èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ lókè. Òmíràn á wá gbé switch kékeré sínú àpótí ní àárín pílónì kó lè gùn sí i, ẹ má ṣe é, ohun tó máa bàjẹ́ lẹ fi kún un yẹn, níbi tí ẹ ò ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí pílónì bá ga ju 60 mítà lọ, èmi ò ní bá yín jiyàn, fíbà, ìyẹn kábù onígíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà, ni kẹ́ ẹ fà, kẹ́ ẹ wá fa wáyà iná DC, irú iná bátìrì, lọ́tọ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ńlá náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, fíbà àti 48 volt ló ń gòkè lọ bá àwọn rádíò wọn. Fíbà ò ní irin nínú, àrá ò lè gba inú ẹ̀ wọlé, àfi tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin wé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fà á níbi kọnẹ́ktọ̀, ẹ má sì ká a kó rọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fa 220 volt gun pílónì o! Àwọn kan á gbé ráláǹsì lọ sókè, wọ́n á ki àdápútà sínú àpótí oníke. Òjò á wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹni tó máa gùn ún lẹ́yìn yín ò mọ̀ pé iná ti wọ ara irin. Ọmọ ẹni kan nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yí i sí DC.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àrá, òun ló sì gba àlàyé jù. Àrá ò nílò kó sán lu pílónì yín gan-an, tó bá sán nítòsí, iná á dìde nínú kábù, á wá ibi tó máa gbà jáde, switch yín ló máa gbà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi parafoudre, ìyẹn ohun tó ń darí iná àrá wọlẹ̀, sí ìsàlẹ̀ nìkan. Ìdí rádíò lókè náà gbọdọ̀ ní tiẹ̀, kí wọ́n sì so méjèèjì mọ́ ilẹ̀. Kábù blindé, ìyẹn èyí tí wọ́n fi bébà irin wé nínú, tẹ́ ẹ bá wá fi kọnẹ́ktọ̀ oníke lásán sí i lórí, owó yẹn ṣòfò, kọnẹ́ktọ̀ onírin ni kẹ́ ẹ fi, kẹ́ ẹ sì so wáyà tín-ín-rín tó wà nínú kábù mọ́ ọn. Àṣìṣe kejì, tó burú jù lójú tèmi: irin ilẹ̀ kan (irin tí wọ́n gbìn kí iná àrá lè bá a wọlẹ̀) fún pílónì, òmíràn fún yàrá, tí wọn ò so méjèèjì pọ̀. Tí àrá bá sán, iná ara pílónì á ga ju ti yàrá lọ fíìfíì, kábù dátà yín nìkan ló so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ ló máa gbà. Ẹ so gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn. Kí wáyà ilẹ̀ náà kúrú, kó lọ sísàlẹ̀ tààrà, ẹ má ká a, ẹ má ṣẹ́ ẹ bí igun. Ẹ má sì gbé bàbà ìhòòhò lé irin gálfáníìsì, tí omi bá ti kàn án ìpẹtà dé nìyẹn.

Ilẹ̀ ò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Lórí àwọn òkè olókùúta ní Ṣábẹ̀, irin kan ò ní wọlẹ̀, ẹ fi agbára gbìn ín títí ó máa tẹ̀ ni. Ẹ wa kòtò tó gùn, ẹ tẹ́ bàbà sínú ẹ̀ sí oríṣiríṣi apá. Ní Kétu, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ohm ni wọ́n fi ń kà á, nígbà òjò ó lè dáa, kí ọ̀gbẹlẹ̀ wá gbẹ ilẹ̀ náà kó má dáa mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá ibi tí kò ní ju 10 ohm lọ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Omi náà ń jà. Mo ti rí kábù tí wọ́n gé nísàlẹ̀ tí omi ń kán látinú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lókè níbi tó ti wọlé, ihò ẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, bàbà inú ẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé. L'Ájàṣẹ́ tí ọ̀sà wà nítòsí, kì í pẹ́ rárá. Ẹ má fi silikọ́nì tó ń rùn bí fínígà dí kọnẹ́ktọ̀, ásíìdì inú ẹ̀ ń jẹ bàbà. Tépù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ lọ sókè, kó gun ara wọn bíi páànù òrùlé. Kí kábù tó wọ àpótí, ẹ jẹ́ kó sọ̀ díẹ̀ kọjá ihò ẹ̀ kó tó yí padà gòkè, kí omi lè kán bọ́ síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń so ó, ike dúdú tí oòrùn ò lè tètè pa ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe funfun, mítà kan mítà kan, kó má fún jù. Kábù 80 mítà lè wúwo tó kílò 4 sí 5, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ mọ́ kọnẹ́ktọ̀. Ẹ má sì so ó mọ́ àkàsọ̀ tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀.

Ẹ dán kábù wò nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e gòkè, ẹ tún dán an wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti so ó tán. Tí ẹ bá rí i pé ìlà tó yẹ kó jẹ́ gígábíìtì, ìyẹn 1000 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń fi 100 hàn, ẹ tún kọnẹ́ktọ̀ ẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, torí gígábíìtì ń lo wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti já. Tójú ọ̀run bá ti ń ṣú, tẹ́ ẹ gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníbàárà bínú.