Bí A Ṣe Ń Ka Òfin Ọtí Yunifásítì Amẹ́ríkà, àti Ohun Tí A Ń Ṣe Bí Ọtí Bá Gbé Ọ̀rẹ́ Ẹni Dálẹ̀

Ẹni tó ti London lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, tó ti ń ra bíà láti ọmọ ọdún 18, yóò padà di ọmọdé lójú òfin bó bá ti délẹ̀. Ọdún 21 ni tiwọn. Òfin ọdún 1984 ló so ó mọ́ owó títì: ìpínlẹ̀ tó bá jẹ́ kí ẹni tí kò tó 21 ra ọtí yóò pàdánù lára owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún un fún ojú ọ̀nà. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1989 sọ ọ́ di dandan pé kí yunifásítì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ máa fi ìlànà ọtí rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Inú ímeèlì gígùn kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣí ló sábà máa ń wà.

Ṣí i, kí o sì wá ibi tí wọ́n ti kọ medical amnesty tàbí Good Samaritan. Ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá pe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ọtí ń pa kò ní jẹ́jọ́ ọtí tí òun náà mu. Ṣùgbọ́n ti ilé ìwé kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Wò ó bóyá ó bo ẹni tó pè àti aláìsàn pọ̀, bóyá ó kan oògùn olóró, bóyá ó di dandan kí o dúró tì í kí o sì dárúkọ ara rẹ, àti iye ìgbà tí wọ́n lè lò ó fún ẹnì kan. Kò bo ìjà, ìfipábánilòpọ̀, mímu ọtí wakọ̀ tàbí ìyà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Ìlérí ilé ìwé kò sì de ọlọ́pàá. Òfin ìpínlẹ̀ rẹ ni kí o wò fún ìyẹn.

Ìdí tí a fi ní kí o kà á ṣáájú ni pé lóru ọjọ́ náà, ẹ̀rù ìjìyà ni kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn pe ẹnikẹ́ni. Ní 2017, Timothy Piazza, ọmọ ọdún 19 ní yunifásítì Penn State, ṣubú lórí àtẹ̀gùn nílé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ọtí. Nǹkan bíi wákàtí 12 kọjá kí wọ́n tó pe ìrànlọ́wọ́. Ó kú.

Tún wo ọ̀rọ̀ òbí. Láti 1998 ni òfin ti gba ilé ìwé láàyè, kò kàn án nípá fún wọn, láti sọ fún òbí ọmọ tí kò tó 21 bó bá rú òfin ọtí. Bí tìrẹ bá ń sọ ọ́, tètè pe ilé fúnra rẹ. Ní àwọn ibòmíràn, jíjókòó lásán nínú yàrá tí ọtí wà ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Ilé ìwé gíga Dartmouth tiẹ̀ fòfin de ọtí líle fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní 2015, àti ẹni tó ti pé 21.

Bí wọ́n bá ní “ọtí kan”, ìwọ̀n rẹ̀ ni bíà mílílítà 355 (ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọtí), wáìnì 148, tàbí ọtí líle 44. Ìgò bíà ńlá 60cl tilé wa sún mọ́ méjì. Ìgò ọtí líle mílílítà 750 jẹ́ 17. Fún obìnrin, mẹ́rin láàárín wákàtí méjì ti di ewu. Márùn-ún fún ọkùnrin. Ọtí àdàlù inú ike ńlá ló ń tan èèyàn jù, nítorí ṣúgà ti bo ìtasánsán rẹ̀, ife pupa kan sì lè gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Bí ẹnì kan bá dákú, gbọ̀n ọ́n, pe orúkọ rẹ̀, já a ní èékánná ní èjìká. Ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó mẹ́jọ, tàbí bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá bá kọjá láìmí, bí ara rẹ̀ bá tutù, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ó bá ń bì tí kò sì jí, pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Lára aláwọ̀ dúdú, ètè, èrìgì àti èékánná ni a ti ń rí i pé ó ń di àwọ̀ aró tàbí eérú, kì í ṣe ojú.

Má ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn títí ọtí yóò fi dá lójú rẹ̀. Ọtí tó wà nínú ikùn ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn, ọ̀fun rẹ̀ kò sì lè wúkọ́ mọ́, ìyẹn ni èébì fi ń gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tẹ orúnkún òkè síwájú kó má baà yí padà, kí ojú rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Má fún un ní epo pupa, mílíìkì tàbí kọfí. Má tì í sábẹ́ omi tútù, má sì ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀.

Lórí fóònù, sọ orúkọ ilé àti nọ́ńbà yàrá ná, kí ìpè tó já. Lẹ́yìn náà, ohun tó mu, iye rẹ̀, ìgbà tó mu ún, àti bóyá ó lo oògùn. Rán ẹnì kan lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí àwọn áńbúláǹsì wọlé kíá.

Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwé sábà máa ń ní kí ẹni náà wá rí olùdámọ̀ràn. Kí ó lọ, torí àìlọ lè tú ààbò tó ní ká. Ẹni tó bá wà lórí fisà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ọlọ́pàá bá mú un pé ó mu ọtí wakọ̀, wọ́n lè fagi lé fisà rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Kó kàn sí lọ́yà àti ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé fún ìsinmi.