Ìjàpá àtijọ́ tẹ́ ẹ ń tún ṣe nílé: ìdáhùn sí ohun tẹ́ ò yéé bi mí

Volkswagen Ìjàpá ni mò ń sọ o, bóyá èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó ní 1975 ni àbí èyí tó ti òkè òkun wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn rárá.

Bátìrì ni. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà. Ẹ ha gbogbo funfun tó dì mọ́ orí ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ dè é le. Ẹ wá nǹkan bò ó kẹ́ ẹ tó dá ìjókòó padà o, torí bí sípíríǹgì ìjókòó yẹn bá lọ kan orí bátìrì, iná ló máa dá.

Ìbéèrè: Níbo ni wọ́n ń da omi rédíétọ̀ sí?

Kò ní rédíétọ̀! Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lára. Bí bẹ́líìtì ẹ̀yìn tó ń yí fáànù ẹ̀ bá já, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra wà á délé.

Ìbéèrè: Ó ń sítáàtì àmọ́ kò fà, ó tún ń yìnbọn.

Pílọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàkì (irin kékeré tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì lásìkò) ni kẹ́ ẹ wò. Àlàfo ẹnu kọ́ńtáàkì 0.4 mm, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì (irin tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí) 0.15 mm, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ọ́ìlì 2.5 lítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da gálọ́ọ̀nù odindi sí i, ẹ ṣàánú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bó bá rìn díẹ̀ á kú, tá a bá dúró díẹ̀ á tún sítáàtì.

Èyí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí. Tèmi á gbéra n'Íbàdàn, á máa sáré geere, bá a bá fi máa dé Mọ́níyà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, á kú pátápátá. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá ra gúgúrú jẹ, ìgbà tí mo bá fi máa padà wọlé ẹ̀kan ló máa sítáàtì. Mẹkáníìkì kan ní kọ́ìlì ló ń gbóná, mo ra kọ́ìlì, òmíràn ní pọ́ǹpù ni, mo ra pọ́ǹpù, ẹnì kẹta tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbowó ẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń kú. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń wò torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, kò sẹ́ni tó ṣí iwájú, bẹ́ẹ̀ iwájú ni táǹkì epo wà.

Mo wá yọ róbà epo lábẹ́ táǹkì, mo kì í bọ inú ike funfun kan. Epo ń ya jáde, nígbà tó yá ó di tín-ín-rín, ó di tó-tó-tó, ó dá. Epo ṣì pọ̀ nínú táǹkì o! Mo lọ mumi, mo dé, mo tún ṣí i, ó tún ń ya. Ìpẹtà ló wà nínú ẹ̀, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Tí epo bá ń lọ á kó wọn lọ dí asẹ́ tó wà lẹ́nu ihò ìsàlẹ̀, tí ọkọ̀ bá kú wọ́n á tún ṣí kúrò níbẹ̀. Kọ́ìlì wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn?

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tó bá kú. Tó bá fa atẹ́gùn fúù, ihò tó ń fi mí ló dí, ẹ là á. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ tú táǹkì, bóòtù mẹ́rin péré ló dè é. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti gbẹ epo ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí sìgá, kò gbọ́dọ̀ sí sítóòfù nítòsí. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n títí apá á fi ro yín, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ dénúdénú. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ àti gbogbo róbà epo.

Ìbéèrè: Táǹkì ti lu, ṣé kí n gbé e fún wẹ́dà àdúgbò?

Rárá o. Táǹkì tó ṣófo ló léwu jù, òórùn epo ṣì wà nínú ẹ̀, iná wẹ́dà kàn án báyìí á bú gbàmù. Ẹ wá tòkunbọ̀ rà.

Ìbéèrè: Bíréékì ń rì dé ilẹ̀.

Ẹ gbé e síbi tó wà, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ Ìjàpá dáadáa, kì í ṣe ọmọ tó ń fi ọwọ́ kan wo YouTube tó ń fi ìkejì di nọ́ọ̀tì. Èmi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bíréékì lórí fóònù.