Bí mo ṣe kó dísù kúrò nínú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa

Koríko ló tú àṣírí. Lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn, nídìí jẹnẹrétọ̀, koríko tó máa ń dé orúnkún lóṣù Kẹfà gbẹ dànù. Mo bu erùpẹ̀ díẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀: dísù ni. Rọ́bà tó ń gbé dísù láti inú dírọ́ọ̀mù ti ya, ó sì ti ń kán tó, tó, tó, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ayálégbé tó ni jẹnẹrétọ̀ ní kí n da yanrìn lé e. Bùrọ̀dá mi ní kí n ṣáná sí i. Yanrìn á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Iná á sì jó ti òkè, èyí tó ti rì ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ṣáná. Ìyá wa dá ọṣẹ àti omi lábàá, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù, torí ńṣe nìyẹn á tì í sísàlẹ̀, kànga wa ò sì ju ìṣísẹ̀ 20 lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó mú ṣọ́bìrì rárá, mo ti ágádágodo mọ́ ìdérí kànga. Omi rírà la wá ń mu.

Èmi àti lébìrà méjì wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Báwo la ṣe mọ ibi tó yẹ ká dúró? Ìgò la fi ń wò ó. Mo ń bu erùpẹ̀ sínú ìgò, mo ń da omi sí i, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo ń jẹ́ kó silẹ̀. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ; tó bá ṣì wà, á léfòó, á máa dán bí òṣùmàrè. Nídìí rọ́bà gan-an, ihò náà dé ìbàdí mi. Ibòmíràn ò ju orúnkún lọ.

A tẹ́ tapólì síbi tí àgbàrá kì í ti í ṣàn lọ sí kànga, a kó erùpẹ̀ náà jọ lé e, a tún fi tapólì mìíràn bò ó nítorí òjò. Àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò rí wà nínú ilẹ̀ tó máa ń jẹ dísù, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ajílẹ̀. Mo da àpò ìgbẹ́ adìyẹ mẹ́rin pọ̀ mọ́ ọn, mo fi lẹ́búlẹ́bú pákó sí i kí amọ̀ náà lè tú. Òórùn ọ̀hún! Àwọn aládùúgbò ò kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo Sátidé ni mo ń fi ṣọ́bìrì yí i, tó bá gbẹ, mo ń wọ́n omi sí i títí tó fi tutù bí aṣọ tí a ti fún.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo gbin àgbàdo mẹ́wàá sínú erùpẹ̀ náà, mẹ́wàá sínú erùpẹ̀ tó mọ́. Mẹ́ta péré ló hù nínú erùpẹ̀ dísù náà, ewé wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tó pé oṣù méje, mo tún gbin mẹ́wàá síbẹ̀, mẹ́sàn-án hù.

Mo gbé omi kànga àti erùpẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò. Owó rẹ̀ dùn mí ju ti lébìrà lọ. Omi mọ́, erùpẹ̀ ṣì ní dísù díẹ̀ nínú, nítorí náà ìdí òdòdó ni mo kó o sí, n kò jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀fọ́.

Jẹnẹrétọ̀ ti padà, orí kọnkéré tó ní etí yí ká ló wà báyìí. Mo ṣì ń bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà rẹ̀ láràárọ̀ Sátidé.